Táyà 2013 Lójú Ọ̀nà Òkèhò

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bú awakọ̀ náà tán. Síẹ́nà ló ń wà, ní gáréèjì Mọ́níyà n'Ìbàdàn, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà náírà ló sì ń gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan dé Òkèhò. Ó kó èèyàn mẹ́rin sí àárín, mẹ́ta sẹ́yìn, méjì síwájú. Lórí àpótí kan tó fi tìmùtìmù tẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ ló gbé ẹnì kejì iwájú kà, arákùnrin gìrìwò kan tí ò rí bẹ́líìtì dè, tí ò rí nǹkan dìmú. Mo sọ̀rọ̀. Ó ní, “Àǹtí, bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ lọ gba dírọ́ọ̀pù.” Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń ṣègbéyàwó lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ sì ti ń rọ̀. Mo panu mọ́.

Láti Mọ́níyà dé Ìsẹ́yìn, kìlómítà 65, kò sí wàhálà kankan. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn nígbà tó ṣì jẹ́ kòtò lórí kòtò á kí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tó tún un ṣe. Àmọ́ ẹ wo ohun tí ọ̀dà tuntun ń ṣe fún awakọ̀ wa! Nígbà tí ọ̀nà bàjẹ́, kòtò ló ń dá wọn dúró. Ní báyìí, kò sẹ́ni tó ń dá wọn dúró mọ́. Òfin ní kí ọkọ̀ má sáré ju kìlómítà 50 ní wákàtí kan lọ láàárín ìlú àti abúlé, kó má ju 80 lọ níta. Mo na ọrùn wo aago ìsáré ọkọ̀ tiwa: ọwọ́ rẹ̀ sùn sórí òdo láti Mọ́níyà, kò mira. Igi ẹ̀bá ọ̀nà nìkan ni mo fi ń mọ bí a ṣe ń sáré tó.

A kọjá Ìsẹ́yìn, a wọ abúlé kan, a ò rí nǹkan kan, àfi gbàù! Orí mi lu òrùlé ọkọ̀. Adìẹ tí ìyá ẹ̀gbẹ́ mi so mọ́ ẹsẹ̀ fò lé mi lọ́rùn. Àwọn ará abúlé ló kó òkúta àti erùpẹ̀ pupa dábùú ọ̀nà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Bí awakọ̀ ṣe ń ṣépè, ìyá aládìẹ dá a lóhùn pé, “Ọmọ iléèwé ni ọkọ̀ pa níbẹ̀ kí wọ́n tó ṣe é. Ta lo fẹ́ kí wọ́n máa wò?” Èmi ò bá ará abúlé jà. Gegele yẹn ṣiṣẹ́, torí ìrìn jẹ́jẹ́ la rìn la abúlé náà já. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kun ún ní ẹfun! Agolo ọ̀dà funfun kan ò wọ́n ju owó ìtọ́jú egungun tó kán lọ. Ẹni tó fẹ́ dáàbò bo ọmọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ba de àlejò.

Ó ń lọ sí àṣálẹ́ nígbà tí táyà ẹ̀yìn bẹ́. Ọkọ̀ fì sọ́tùn-ún, fì sósì, gbogbo wa ń pe Jésù, a ń pe Ọlọ́hun, kó tó dúró sínú koríko. Táyà ìpààrọ̀ wà nínú búùtù lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí atẹ́gùn nínú rẹ̀. Awakọ̀ já ewé tútù, ó dà á sẹ́yìn ọkọ̀, ó parí. Mo fẹ́ pe 122, nọ́ńbà ọ̀fẹ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Àwọn ọdẹ ló kọ́kọ́ dé, tọ́ọ̀ṣì lórí, ìbọn ṣakabùlà léjìká. Ẹ̀rù bà mí, mi ò níí purọ́. Bàbá tó ṣáájú wọn kí wa, ó wo ewé awakọ̀, ó ní, “Ta ló fẹ́ rí ewé lóru?” Ó rán ọmọkùnrin kan. Kò pẹ́ tí ìyẹn fi kó agolo wàrà dé, kẹrosín-ìnì nínú wọn, òwú lẹ́nu wọn. Wọ́n tò wọ́n sí ẹ̀bá ọ̀nà, ọ̀kan síbí, ọ̀kan sọ́hùn-ún, títí dé ibi tí ọ̀nà ti yí kọ́nà. Wọ́n ò tíì tanná sí èyí tó kẹ́yìn tí ọkọ̀ akóṣu kan fi ń bọ̀ tagbáratagbára. Ó rí iná, ó tẹ bíréèkì, ó rọra kọjá. Ìyá aládìẹ kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá náà.

Ọdẹ mìíràn ti gun orí àpáta lọ wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó sì pe àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n ní nọ́ńbà DPO lọ́wọ́. Àwọn ọdẹ, Amọ̀tẹ́kùn, ọlọ́pàá àti àwọn ọlọ́kadà jọ wà lórí WhatsApp kan náà. Láti 1988 tí wọ́n ti dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀, tí Wọlé Ṣóyínká jẹ́ alága àkọ́kọ́, ojú títì márosẹ̀ ni èmi ti ń rí wọn jù. Ọ̀nà oko báyìí, ẹni tó bá wà nítòsí ló ń gbani.

Nígbà tí Hilux ọlọ́pàá dé, mo ti ń fojú inú ka owó tí wọ́n máa gbà lórí pàtíkúlà. Wọn ò gba kọ́bọ̀. Ọlọ́pàábìnrin kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tan iná fóònù sí ara táyà tó bẹ́, ó ní, “Bàbá, ẹ wá ka nọ́ńbà yìí fún mi.” Nọ́ńbà mẹ́rin ló wà nínú kinní róbótó kékeré kan: 1113.

“Mádàámù, mi ò mọ ìtumọ̀ ẹ̀.”

“Ọ̀sẹ̀ kọkànlá, ọdún 2013. Ìgbà yẹn ni wọ́n ṣe é, sà.”

Awakọ̀ ní tòkunbọ̀ ni, pé ẹni tó tà á fún òun ní ó ṣì le. Ọlọ́pàá náà kọjú sí àwa èrò: “Ẹ̀yin náà, ẹ máa wò ó kí ẹ tó wọlé.” Ó kà wá, ó mi orí, ó ní arákùnrin orí àpótí kò níí padà síbẹ̀. Inú Hilux ni wọ́n fi gbé e dé Òkèhò. Owó kan náà la jọ san, òun ló jayé!

Fọkanáísà tí ọlọ́kadà gbé wá láti abúlé ló tún fẹ́ ba inú mi jẹ́. Ẹgbẹ̀rún méje náírà, kó lè fún táyà ìpààrọ̀ ní atẹ́gùn, kó sì lẹ ojú kan! Ó ní ilẹ̀ ti ṣú. Bàbá ọdẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mi ò gbọ́ ohun tó sọ fún un, ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ náà padà, ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀ ló gbà. A dá owó jọ fún kẹrosín-ìnì àwọn ọdẹ, bàbá ò gbà. Ó ní ká fi ra ọ̀dà funfun fún gegele abúlé tó wà lẹ́yìn wa, torí àwọn náà ti fi orí lù ú rí. Ìyá aládìẹ ló gba owó náà pamọ́, ó ní ọmọ òun ń bọ̀ lọ́nà ibẹ̀ lọ́jọ́ ọjà.

A dé Òkèhò lóru. Wọ́n ti jẹ ẹran ìgbẹ́ tán, àmàlà ti tutù. Awakọ̀ ń bẹ̀bẹ̀ pé ká fi nǹkan kún owó ọkọ̀ nítorí táyà tó bẹ́, mi ò tilẹ̀ dá a lóhùn.

Nígbà tí mò ń padà, mo yí ọkọ̀ ká ní gáréèjì, mo bẹ̀rẹ̀ nídìí táyà kọ̀ọ̀kan, mo ń tan fóònù. Awakọ̀ bi mí bóyá mo fẹ́ ra ọkọ̀ náà ni. Mo ní rárá, mo kàn fẹ́ wọ̀ ọ́ dé Ìbàdàn ni. Kí n tó dìde, èrò méjì ti bẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ mi, wọ́n ní kí n fi ibi tí nọ́ńbà náà wà han àwọn.