Imú Àyọ̀ Tún Ti Dí

Ọyẹ́ ti dé sí Kubwa, ni Àyọ̀, odídẹrẹ́ mi, bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í sín bíi bàbá tó fa aáṣáà símú. Ọdún kẹta rèé. Ihò imú òsì ló máa ń dí, ìyẹ́ òkè ẹ̀ á rin gbindin, á wá máa fi orí nu igi tó bà lé.

Èmi ni mo fà á o. Ẹ̀pà ni mò ń fún un láàárọ̀ lálẹ́, mo rò pé ìkẹ́ ni. Dókítà ẹranko ló tan tọ́ọ̀ṣì sí i lẹ́nu, ó ní àwọn nǹkan ṣóńṣó-ṣóńṣó tó yẹ kó wà lókè ẹnu ẹ̀ ti ń parẹ́, fítámì A ò tó lára ẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí àrùn máa ráyè wọ imú. Ní báyìí ó ń jẹ tàtàṣé, ẹyìn àti kárọ́ọ̀tì, àmọ́ kó tó gba kárọ́ọ̀tì yẹn ojú mi rí màbo, á jù ú sílẹ̀, á tún máa wò mí!

Mo ń fi nẹ́búláísà, ẹ̀rọ tó ń sọ omi di ìkùukùu, fẹ́ omi iyọ̀ ọsibítù sí i nínú kéèjì tí mo fi aṣọ bò, bí dókítà ṣe ní kí n ṣe é. Mo bẹ Hàjíà ẹ̀gbẹ́ wa nítorí tùràrí tó ń jó, ó ti gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, Ọlọ́run á bù kún un. Kọ́ìlì ẹ̀fọn ti jáde nílé mi, àti fráìpáànù tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́, tóun bá gbóná jù, èéfín ẹ̀ lè pa ẹyẹ.

Lánàá ó sín, ló bá fi ohùn mi kí ara ẹ̀: "Pẹ̀lẹ́ o."