Ọpẹ́ Mi Lórí Bàbá Ìbejì

Ẹ bá mi yin Olúwa o, ẹ̀yin ará. Bàbá Ìbejì, ọkọ mi, fúnra ẹ̀ ló ní kí n kọ ẹ̀rí yìí. Ó ní àwọn tó gbọ́ búburú òun, kí wọ́n gbọ́ rere náà. Gbogbo àdúgbò wa ní Kubwa ló kúkú mọ̀ pé ọkọ mi ń lo tramadol, oògùn apàrora tó máa ń di bárakú. Bó ṣe bọ́ níbẹ̀ lẹ ò mọ̀, òun ni mo sì wá dúpẹ́ lé lórí.

Tìrélà ló ń wà nígbà yẹn, ó ń kó tòmátì láti Kano lọ sí Mile 12 l'Ékòó. Tòmátì kì í dúró de awakọ̀ tó bá ń sùn. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ló kọ́kọ́ fún un ní hóró kan torí ẹ̀yìn tó ń dùn ún. Ìrora lọ, oorun náà lọ. Hóró kan di méjì, méjì di ohun tí kò ṣeé kà mọ́. NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso oògùn, ò fọwọ́ sí hóró tó bá ju mílígíráàmù 100 lọ, ṣùgbọ́n ti 225 ni wọ́n ń tà fún wọn létí títì. Nígbà tó yá, kì í ṣe torí kí ara ẹ̀ lè yá gágá ló ṣe ń lò ó mọ́, torí kó ṣáà lè dìde ni.

Gìrì mú un nílé epo kan. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ọkọ̀ wà ní ìdúró. Ká ní orí eré ni, ọ̀rọ̀ mìíràn là bá máa sọ lónìí.

Ẹbí pé jọ. Ẹnìkan ní ká gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de irú wọn, pé tó bá jìyà dáadáa, ojú ẹ̀ á wálẹ̀. Mo ní láéláé. Ṣebí ọdún 2019 ni ọlọ́pàá tú èèyàn tó ju 300 sílẹ̀ nínú ilé kan ní Rigasa, Kaduna, tí ẹ̀wọ̀n wà lẹ́sẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn? Màmá ìjọ wa, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló ní ká gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Barnawa, ní Kaduna. Wọ́n ní àdúrà á máa lọ, ẹsẹ̀ náà á máa lọ. A wọ rélùwéè ní Kubwa.

Dókítà ní Ọlọ́run ti fi ohun tó ń pa ìrora sínú ara wa láti ìbẹ̀rẹ̀. Tramadol á wá jókòó sí àyè nǹkan yẹn, bó bá sì pẹ́, ọpọlọ á dẹwọ́ nínú iṣẹ́ tiẹ̀. Ọjọ́ tí hóró ò bá wá dé, èèyàn á máa yán ṣáá, omi á máa dà lójú àti nímú, ìgbẹ́ gbuuru á dé, ẹsẹ̀ ò ní dúró lójú kan lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo bú sẹ́kún. Ohun tí mo ti ń pè ní ibà, tí àǹtí mi ń pè ní iṣẹ́ ayé, ló ń tò sílẹ̀ yẹn. Ó ní a kọ́ la máa kọ́kọ́ rí i: ìwádìí tí wọ́n ṣe lọ́dún 2018 fi hàn pé mílíọ̀nù 14 èèyàn àti díẹ̀ ló lo oògùn olóró lọ́dún kan ní Nàìjíríà. Ó ní bárakú yìí, bí ẹ̀jẹ̀ ríru ló rí: à ń tọ́jú ẹ̀, à ń ṣọ́ ọ, a kì í nà án.

Ó tó ọ̀sẹ̀ kan kí ara ẹ̀ tó rọlẹ̀. Ẹ̀kọ́ ló wá kù.

Wọ́n ní kó kọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ kí ọkàn ẹ̀ tó fà sí i. Ìwé Táyé ló gbà. Mo ṣì ní in lọ́wọ́: "Ebi. Ìbínú. Tí mo bá dá wà. Tó bá rẹ̀ mí. Òórùn dísù. Tafa lálẹ́. Ọjọ́ tí owó bá wọlé." Tafa ni ibi tí àwọn onítìrélà ti ń dúró sinmi lójú ọ̀nà Kaduna sí Àbújá. Ti owó yẹn yà mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Òun fúnra ẹ̀ ló kó káàdì báńkì ẹ̀ fún mi.

Wọ́n kọ́ ọ pé ọkàn tó ń fà yẹn kì í pẹ́ títí: béèyàn bá lè fi nǹkan bí ìdajì wákàtí tàn án, á rọlẹ̀ fúnra ẹ̀. Tó bá bá a lóru, á jí mi, a ó ka Sáàmù 121, a ó sì máa ṣa ẹ̀wà. Ẹ̀wà tí a ṣà nígbà yẹn, gbogbo ẹgbẹ́ akọrin ò lè jẹ ẹ́ tán.

Wọ́n tún ní ká máa fi bó ṣe máa kọ̀ dánra wò. Èmi ni ọmọ tó ń ta á. Mo á wé gèlè bíi láwàní, mo á nawọ́: "Maigida, ga kwaya!" (Ọ̀gá, hóró rèé!) Òun á ní, "A'a, na daina." Ìyẹn ni pé, "Rárá, mo ti jáwọ́." Kò gbọdọ̀ ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ẹni tó bá ń ṣàlàyé ti ń dúnàá-dúrà nìyẹn. Kẹ́hìndé á ní, "Mọ́mì, ẹ tún un ṣe!"

Ó ṣubú lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn ìsìnkú ìyá ẹ̀ ní Ọ̀fà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ẹlòmíì tó sọ ọ́ fún yín. Ẹ̀kọ́ yẹn náà ló yọ ọ́: dókítà ti kìlọ̀ pé ẹni tó ti jáwọ́ fún oṣù mélòó kan, tó bá gbé iye tó ń lò tẹ́lẹ̀ mì, èémí ẹ̀ lè dúró. Hóró kan ṣoṣo ló lò kó tó rántí, ló bá pè mí. A padà sí Barnawa. Wọn ò bú u. Wọ́n ní ká ṣí ìwé Táyé, ká kọ "ìsìnkú" kún un.

Kò wa tìrélà mọ́. Pọ́ńpù ẹ́ńjìnnì dísù ló ń tún ṣe ní Dei-Dei báyìí. Owó ẹ̀ ò tó ti tẹ́lẹ̀, mi ò ní purọ́. Òórùn dísù ṣì wà níbẹ̀, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kì í jẹ́ kí ebi pa òun níbi iṣẹ́.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá ìjọ, lọ́wọ́ àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì, àti lọ́wọ́ lánlọ́ọ̀dù wa tó fara dà á nígbà tí owó ilé ò sí. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ la ó gbé ọpẹ́ wá sílé Ọlọ́run. Jọ̀lọ́fù á wà, mọ́ínmọ́ín á wà, Bàbá Ìbejì ní òun ló máa jó síwájú. Ọtí ò ní sí o, ẹ má bínú.