Etí tí mo gbé wá láti ilé: kíkọ́ iṣẹ́ prodúsà ní Nàìjíríà àti ní Ìlú Ọba

Ẹni ọdún 46 ni mí nígbà tí mo tún lọ jókòó sí kíláàsì. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo ti ń ṣe láti ìgbà tí mo ti jáde yunifásítì, ní Nàìjíríà àti níbí ní Ìlú Ọba. Iṣẹ́ náà bọ́ mi, ó bọ́ àwọn ọmọ mi, ṣùgbọ́n orin kò fi ọkàn mi sílẹ̀. Mi ò fẹ́ di olórin o. Ẹni tó ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, tó ń gba ohùn sílẹ̀, tó ń to ìlù, tó mọ ibi tí gìtá yóò dúró sí àti ibi tí ohùn yóò gbà kí wọ́n má baà máa fi èjìká gbá ara wọn, prodúsà ni mo fẹ́ jẹ́.

Ìbéèrè kan náà ni wọ́n bi mí nílé àti níbí: ṣé mo tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ni? Ìtumọ̀ rẹ̀ ni kò dọ́gba. Nílé, ojú tí àwọn èèyàn yóò fi máa wò mí ni wọ́n ń rò. Níbí, bí mo ṣe máa san owó ilé ni wọ́n ń rò.

Kí n tó kúrò ní Nàìjíríà, mo fi ọdún mẹ́ta jókòó ti ọ̀gá kan ní sítúdíò rẹ̀, ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Mo fi ọdún mẹ́sàn-án ju ọ̀gá yìí lọ. Èmi ń pè é ní ọ̀gá, òun ń pè mí ní bọ̀ọ̀dá, ó ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀, èmi náà ń fi "ẹ" dá a lóhùn, iṣẹ́ sì ń lọ. FL Studio, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe orin, ló ń lò, bíi ti ọ̀pọ̀ prodúsà nílé. Kì í ṣàlàyé púpọ̀. Á yí bọ́tìnnì kan, á wò mí lójú, á ní, "Ṣé ẹ gbọ́ ọ?" Bí mo bá ní mo gbọ́, á ní kí n sọ ohun tí mo gbọ́. Èmi á ní ohùn yẹn ń gba imú jáde, tàbí pé ó jìnnà, pé ó gbẹ, pé bààsì ti dàrú mọ́ ìlù bí ẹrẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi kọ́ṣẹ́ nìyẹn.

Níbí, gbogbo rẹ̀ ló ní nọ́ńbà. Ohùn tó ń gba imú jáde yẹn, wọ́n ní kí n wá a lọ sí àyíká 1,000 Hz (Hz ni iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan; bó bá ṣe pọ̀ tó ni ohùn ṣe ń lọ sókè tó). Bààsì tó dàrú bí ẹrẹ̀, kí n dín in kù láàárín 200 sí 400 Hz. Inú mi dùn gan-an lọ́jọ́ tí mo kọ àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí sínú ìwé, torí pé mo mọ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ, orúkọ ni mi ò mọ̀. Olùkọ́ wa kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, orúkọ àbísọ rẹ̀ sì ni gbogbo kíláàsì ń pè é. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ẹnu mi tó lè pè é bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe nítorí ọjọ́ orí, nítorí pé ó ń kọ́ mi níṣẹ́ ni.

Ọ̀rọ̀ iná ni mi ò lè sáré kọjá. Ní sítúdíò ọ̀gá mi, òru la máa ń gba ohùn sílẹ̀, nítorí pé ní ọ̀sán, jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò kì í jẹ́ kí gbohùngbohùn sinmi. Ìsàlẹ̀ ni ohùn jẹnẹrétọ̀ máa ń gbà wọlé. Ẹ ò ní gbọ́ ọ nígbà tí ẹ bá ń kọrin lọ, ìgbà tí ẹ bá dákẹ́ lẹ ó tó mọ̀ pé ó ti bá yín kọ ọ́. Ní òru ọjọ́ kan, a gba ohùn arábìnrin kan sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin. Ó kọ ìlà tó gbẹ̀yìn, omi wà lójú rẹ̀, ọ̀gá sì gbé ọwọ́ sókè pé kí ẹnikẹ́ni má mira. Ibẹ̀ ni iná ti lọ. Bátìrì tó yẹ kó gbé kọ̀ǹpútà dúró ti gbó. Nígbà tí a fi máa tan jẹnẹrétọ̀, ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́ la bá, ìyókù ti lọ. Arábìnrin náà tún un kọ, ó sì dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí mo gbọ́ lẹ́ẹ̀kan. Láti òru yẹn ni ọwọ́ òsì mi ti ń tẹ Ctrl àti S, tó ń fi iṣẹ́ pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà, láàárín ìṣẹ́jú méjì síra wọn, kódà níbí, tí mi ò tíì rí i kí iná lọ rí nílé-ìwé.

Níbí, iná wà, àyè ni kò sí. Ilẹ̀kùn méjì tó nípọn ni sítúdíò ilé-ìwé ní, fóòmù ni wọ́n fi bo ògiri rẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo ti ilẹ̀kùn méjèèjì, mo gbọ́ ẹ̀jẹ̀ tó ń sáré nínú etí ara mi. Mo jókòó bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ láìtan ẹ̀rọ kankan, mo ń rò ó pé bí ọ̀gá mi bá ní irú yàrá yìí ńkọ́. Àmọ́ wákàtí méjì péré ni wọ́n ń fún ẹnì kan, tó bá ti pé, ẹlòmíràn ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Tí mo bá sì délé, hẹ́dífóònù ni mo fi ń ṣiṣẹ́, torí pé láti aago 11 alẹ́ sí aago 7 òwúrọ̀ ni òfin ariwo òru wọn fi ń ṣiṣẹ́, ògiri ilé wa kò sì nípọn. Nílé, ẹni tó ń kọjá lọ á yọjú lójú fèrèsé, á ní orin yẹn dùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un lù. Àwọn olójú fèrèsé yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ fún wa bóyá orin kan yóò ta.

Ohun kan wà tí kò yàtọ̀. Ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni iná ẹ̀lẹ́tíríìkì ń gbọ̀n ní orílẹ̀-èdè méjèèjì, nítorí náà ohùn kan náà ni sípíkà fi ń kùn bí wáyà bá bàjẹ́. Nígbà tí olùkọ́ béèrè ohun tó ń kùn, tí kíláàsì dákẹ́, mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ohùn ìyá rẹ̀.

Ti owó kò gùn. Ní England, nítorí pé mo ti ní dígírì tẹ́lẹ̀, ìjọba kì í sábà yá irú wa lówó láti tún ka dígírì mìíràn ní ìpele kan náà. Ìdí nìyí tí mo fi mú ẹ̀kọ́ alẹ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí mò ń san án fúnra mi. Nílé, ọ̀gá mi kò gbowó. Èmi ni mo ń bá a ṣe ìṣirò owó sítúdíò.

Ọjọ́ tó dùn mí jù lọ ni ọjọ́ tí wọ́n dán etí wa wò. Láti 20 Hz dé 20,000 Hz ni wọ́n sọ pé etí ènìyàn lè gbọ́, ṣùgbọ́n òkè rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ lọ bí èèyàn bá ń dàgbà. Nígbà tó dé 16,000, àwọn ọmọ kíláàsì mi ṣì na ọwọ́ sókè, èmi ò gbọ́ nǹkan kan. Inú mi bàjẹ́ títí mo fi délé. Ọ̀sẹ̀ kejì ni olùkọ́ fi hàn mí pé láàárín 2,000 sí 5,000 Hz ni etí ti ń gbọ́ jù, pé ibẹ̀ ni àwọn kọ́ńsónáǹtì tó ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yéni wà. Ibẹ̀ pé fún mi. Fún òkè tó kù, ojú ni mo fi ń wò ó lórí kọ̀ǹpútà.

Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, mo mú akọrin Yorùbá kan wá. Ibì kan wà nínú orin rẹ̀ tó ti ń ké pe "ọkọ mi". Ọmọkùnrin tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá fi Auto-Tune, ètò kọ̀ǹpútà tó ń tún ohùn akọrin ṣe, sórí ohùn rẹ̀, ó sì ní kó fa gbogbo ohùn lọ sí nóòtì tó bá sún mọ́ ọn jù. Sí etí tirẹ̀, ó ti mọ́. Mo tẹ̀ ẹ́, mo tún un tẹ̀. Ohùn akọrin náà wà láàárín nóòtì méjì, ẹ̀rọ sì ti mú ti ìsàlẹ̀. Ó ti di ọkọ̀. Mọ́tò ló ń ké pè. Mo lọ sídìí kìbọ́ọ̀dù, mo fi nóòtì mẹ́ta tẹ ọkọ̀, ọkọ, ọkọ́ fún un. Olùkọ́ ní kí n wá ṣe é fún gbogbo kíláàsì. Mo sọ fún wọn bí onígángan ṣe ń fún ọṣán kí ìlù lè sọ ọ̀rọ̀, mo sì ní nínú orin tiwa, ẹni tó bá sún nóòtì ti sún ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n béèrè ìbéèrè títí àkókò fi tán. Ọ̀gá mi kò lè sọ iye Hz kankan fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n kí "ọkọ̀" yẹn tó dún tán ni ì bá ti pariwo pé kí n dá a padà.

Mo fi orin náà ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ tí mo parí mix rẹ̀, ìyẹn pípa gbogbo ohùn rẹ̀ pọ̀. Ó dé òwúrọ̀ kó tó fèsì, jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn ohùn rẹ̀: "Bọ̀ọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́. Ó mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ohùn ọmọ yẹn bọ́ síwájú díẹ̀, ó ń sá pamọ́." Mo ṣí i, mo gbé e sókè pẹ̀lú décíbẹ̀lì (ìwọ̀n bí ohùn ṣe ń ròkè tó) kan ààbọ̀, mo sì tẹ Ctrl àti S.