Òdòdó Ipê àti Àwọn Ère Ìbejì ní Ọgbà Ibirapuera

Oṣù Kẹjọ ni mo lọ sí São Paulo, ní ìgbà òtútù ilẹ̀ Brazil, nítorí àsìkò náà ni igi ipê aláwọ̀ ìyeyè máa ń tanná ní Ọgbà Ibirapuera. Igi náà á kọ́kọ́ wọ́wé tán kí òdòdó tó bo ẹ̀ka rẹ̀, ọjọ́ díẹ̀ péré ni òdòdó ọ̀hún sì ń lò kó tó re, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá pẹ́ dé, ilẹ̀ ni yóò ti wò ó. Orí bá mi ṣe é, mo bá ọ̀kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tanná nítòsí adágún. Ẹnu òdòdó náà là gbàgà, etí rẹ̀ ṣẹ́ wíníwíní, àwọn ìlà pupa tíntìntín sì wà lọ́nà ọ̀fun rẹ̀.

Àbàtà ni ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Manuel Lopes de Oliveira, tí wọ́n ń pè ní Manequinho Lopes, ló gbin igi yukalíptọ́ọ̀sì síbẹ̀ kí ilẹ̀ lè gbẹ, wọ́n sì ṣí ọgbà náà ní ọdún 1954, nígbà tí ìlú São Paulo pé 400 ọdún. Oscar Niemeyer ló ya àwòrán àwọn ilé ńláńlá inú rẹ̀. Mo yà wo Ilé Àwọn Ará Japan, ṣùgbọ́n n kò pẹ́ níbẹ̀, nítorí Museu Afro Brasil ni ọkàn mi wà.

Emanoel Araujo, agbẹ́gilére ọmọ ìpínlẹ̀ Bahia, ló dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yìí sílẹ̀ ní 2004, láti inú àwọn nǹkan tí òun fúnra rẹ̀ ti ń kó jọ. Lẹ́yìn tó papòdà ní 2022 ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ kún orúkọ ilé náà. Inú rẹ̀ kún dẹ́múdẹ́mú bí ìyàrá ìyá àgbà: ère ìbejì, agọ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, oṣé Ṣàngó, fọ́tò àti àwòrán tó bo ògiri. Ẹlòmíràn lè ní ó ti pọ̀ jù, ṣùgbọ́n lójú tèmi, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Iṣẹ́ ọwọ́ Mestre Didi ni mo dúró tì pẹ́ jù lọ. Ọmọ Ìyá Senhora, ìyálórìṣà Ilé Àṣẹ Ọ̀pọ́ Àfọ̀njá, ilé òrìṣà kan ní Salvador ní Bahia, ni, ìdílé Àṣípá tí wọ́n ṣẹ̀ wá láti Kétu ló sì ti wá. Ìgbálẹ̀ ọ̀pẹ ló dì pọ̀, tó fi awọ aláwọ̀ mèremère wé, tó sì to owó ẹyọ àti ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ lára. Ẹni tó bá ti rí ṣàṣàrà, ìgbálẹ̀ òrìṣà Ọbalúayé, rí kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé rẹ̀ fún un. Ọ̀pọ̀ wa tó ń lọ sí Brazil kì í kọjá Bahia. Ó yẹ kí wọ́n dé ibí yìí pẹ̀lú.

Bí ẹ bá ń lọ, ẹ má lọ lọ́jọ́ Ajé, nítorí wọ́n máa ń ti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà. Òwúrọ̀ ló dára jù, kí èrò tó pọ̀, ẹ ó sì rí àwọn tó ń ta omi àgbọn tútù nínú ọgbà náà.