Òdòdó Tó Ń Dọ̀bálẹ̀ fún Òtútù

Nígbà tí a kó wọ ilé tí à ń gbé báyìí, ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ nìkan ni n kò fẹ́ràn. Àríwá ló kọjú sí. Ilé fúnra rẹ̀ ló ń dí oòrùn, igi ńlá kan sì tún na ẹ̀ka bo ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó kù. Èmi tí mo gbà pé ohun ọ̀gbìn tí kò rí oòrùn kò rí ayé wá, mo ṣáà gbin oríṣiríṣi òdòdó síbẹ̀. Wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n ń nà bí ẹni ń yọjú wo títì, wọ́n sì ṣubú lulẹ̀. Kí òtútù tó dé, ilẹ̀ ti dá páropáro.

Òtútù ìlú òkèèrè kò tilẹ̀ ṣòro fún mi tó bẹ́ẹ̀, aṣọ wà fún un. Àìsí àwọ̀ ló ń pa mí. Ojú ọ̀run dà bí eérú, igi dà bí eérú, ilẹ̀ náà dà bí eérú, oṣù mẹ́ta gbáko.

Oṣù kejì ọdún ni, yìnyín ṣì wà nílẹ̀, tí mo wo òdìkejì ọgbà. Lábẹ́ igi ìyá àgbà tó múlé tì wá, nínú irú òjìji tí mo ń bú lọ́dọ̀ tèmi, òdòdó là. Àwọn kan pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí osùn. Àwọn mìíràn funfun, ó wá ní tótòtó bí ìyẹ́ ẹtù. Mo rò pé ike ni.

“Màmá, ṣé òdòdó gidi lẹ gbìn síbẹ̀ yẹn?” (Èdè wọn kò ní “ẹ”, ṣùgbọ́n nínú ọkàn mi, “ẹ” ni.)

Ó rẹ́rìn-ín. “Hellebore ni. Abẹ́ òjìji nilé rẹ̀.”

Àwọn mìíràn ń pè é ní Lenten rose, nítorí pé àsìkò Lẹ́ńtì ló máa ń wà lórí ìtànná. Kì í ṣe rose rárá o, ẹbí òdòdó mìíràn tí wọ́n ń pè ní buttercup ni.

Mo ra ẹyọ kan, ibẹ̀ ni mo sì ti ṣìṣe. Mo gbẹ́ ihò bí ẹni fẹ́ ri òpó, mo sọ ọ́ sí i, mo fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó dé ọrùn, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Ọdún kìíní, ewé. Ọdún kejì, ewé. Ewé náà dára, kí n má parọ́: ó nípọn bí awọ, ó yà bí ìka ọwọ́, kò sì rọ jálẹ̀ ìgbà òtútù. Ṣùgbọ́n ta ló ra òdòdó nítorí ewé? Òjìji ni mo ń dá lẹ́bi, títí ìyá àgbà fi wá wò ó, tó bẹ̀rẹ̀, tó fi ìka wa iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

“O sin ín láàyè.”

Ibi tí ewé àti gbòǹgbò ti pàdé ara wọn ló yẹ kó wà lójú ilẹ̀ gan-an. Tó bá ti rì jù, kò ní tanná. Mo fi ṣọ́bìrì gbé e tòun ti iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀, mo da ewé jíjẹrà pọ̀ mọ́ ilẹ̀ kí omi má bàa dúró sí i, mo gbé e padà sókè díẹ̀. Hellebore kò fẹ́ kí wọ́n máa ṣí i nípò, nítorí náà ó bínú sí mi: òdòdó mẹ́ta péré lọ́dún yẹn. Lọ́dún kejì, mo ka mọ́kàndínlógún.

Igi tí mo ti fẹ́ sanwó fún kí wọ́n gé kúrò, òun ló tún wá ń bá a ṣiṣẹ́. Nígbà òtútù tí igi ti wọ́wé tán, ìmọ́lẹ̀ ń gba àárín ẹ̀ka kọjá, àsìkò yẹn náà sì ni hellebore ń tanná. Nígbà tí ooru bá dé tí igi ti rúwé padà, ibi tútù ni hellebore ń wá, igi á sì ṣíji bò ó. Àmọ́ òjìji tó ṣókùnkùn ṣúṣú látoṣù dóṣù kò dára fún un, òdòdó rẹ̀ yóò kéré.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀. Bí ìrudi bá ti ń yọrí, mo máa ń gé gbogbo ewé àtijọ́ kúrò nídìí, nítorí pé àìsàn kan wà tó ń fi àpá dúdú sí ewé, inú ewé àtijọ́ ló ti ń ran tuntun. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́: oje rẹ̀ lè mú awọ ara hó, májèlé sì wà nínú gbogbo ara rẹ̀. Ẹni tó bá ní ọmọ kékeré tàbí ajá tó ń jẹ ohun gbogbo, kó rò ó wò dáadáa kó tó gbìn ín. Ehoro kì í sábà fẹnu kàn án.

Ohun tí à ń wò bí ewé òdòdó rẹ̀, sepal ni, ìyẹn ewé tó máa ń bo ìrudi kó tó là. Àwọn ojúlówó ewé òdòdó ti sún kì sáàárín, wọ́n dà bí fèrè kéékèèké, inú wọn ni oúnjẹ oyin wà. Nítorí pé sepal ni, kì í tètè rẹ̀ dànù: yóò wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ á máa yí sí àwọ̀ ewé díẹ̀díẹ̀.

Òwúrọ̀ kan wà tí mo pariwo. Ilẹ̀ ti dì lóru, gbogbo òdòdó náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ọrùn wọn rọ bí okùn. Mo gbà pé ó ti parí. Mo lọ síbi iṣẹ́ pẹ̀lú ìbànújẹ́. Nígbà tí mo padà dé lọ́sàn-án, wọ́n ti dìde dúró gbọnin, bíi pé wọ́n ń kí ẹnì kan tó ti kọjá lọ. Omi ló ń fà sẹ́yìn nínú wọn tí ìdì omi bá dé, kó má bàa ya wọ́n lára. Bí ilẹ̀ bá ti yọ́, wọ́n á tún nàró.

Èèrà ló ń gbin àwọn ọmọ rẹ̀ fún mi. Ọ̀rá díẹ̀ wà lára hóró rẹ̀, òun ni èèrà ń gbé e lọ fún, ní báyìí wọ́n ti hù kiri ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn. Ó tó bí ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó tanná, wọn kì í sì í jọ ìyá wọn. Ọ̀kan ti ní ìrudi lọ́dún yìí. Orí rẹ̀ wólẹ̀ bíi ti gbogbo wọn, nítorí náà àràárọ̀ ni mo ń kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, tí mo ń fi ìka kan gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè. Kò tíì là.