Bí Mo Ṣe Ń Gbin Buttercup Ìbílẹ̀ Oregon, Tí Mo sì Ń Sọ Ọ́ Di Púpọ̀

Buttercup, ewéko kékeré olódòdó yẹ́lò, tó ń hù ní àfonífojì Willamette ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo, ohun tó sì máa ń dùn mí jù lọ ni pé èyí tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà gan-an ni àwọn ènìyàn sábà máa ń hú dànù, nítorí wọ́n ti gbọ́ pé èpò burúkú ni buttercup. Èpò tí wọ́n gbọ́ nípa rẹ̀ wà lóòótọ́. Ranunculus repens ni orúkọ rẹ̀, láti Yúróòpù ni ó ti wá, ó máa ń na okùn sórí ilẹ̀, ibikíbi tí okùn náà bá sì ti kan ilẹ̀ tútù ni yóò ti ta gbòǹgbò, tí yóò sì di ewéko mìíràn. Èyí tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níhìn-ín ni Ranunculus occidentalis, tí Thomas Nuttall, onímọ̀ nípa ewéko, fún lórúkọ nínú ìwé kan tó jáde ní 1838, tó sì ń hù láti Alaska títí dé California láìsí ẹni tó gbìn ín. Kì í na okùn, kì í gba ilẹ̀ mọ́ ewéko mìíràn lọ́wọ́, bí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn bá sì dé, yóò kógbá sílé fúnra rẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó gbé ṣọ́bìrì, ó yẹ kó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kó sì wo abẹ́ òdòdó náà dáadáa. Nígbà tí òdòdó Ranunculus occidentalis bá là tán, àwọn ewé wẹ́wẹ́ tó bò ó nígbà tó ṣì wà ní dídì yóò ṣẹ́ padà sẹ́yìn, wọn yóò dojú kọ ilẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí wọn yóò fi já bọ́. Ti repens kì í ṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ńṣe ni wọ́n máa ń tẹ́ sábẹ́ òdòdó. Ewé tó wà nídìí repens pín sí mẹ́ta, èyí tó wà láàárín ní ọrùn tirẹ̀ lọ́tọ̀, àmì funfun fẹ́ẹ́rẹ́ sì sábà máa ń wà lára rẹ̀. Ewé ti ìbílẹ̀ náà sábà máa ń ya sí mẹ́ta láìní ọrùn bẹ́ẹ̀, irun múlọ́múlọ́ sì máa ń wà lára rẹ̀ àti lára igi rẹ̀. Buttercup mìíràn láti Yúróòpù wà, Ranunculus bulbosus, tí àwọn ewé abẹ́ òdòdó tirẹ̀ náà máa ń ṣẹ́ sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ wú bí ènìyàn bá wa erùpẹ̀ kúrò níbẹ̀. Bí kò bá sí okùn lórí ilẹ̀, tí ìdí rẹ̀ kò sì wú, mo bẹ yín, ẹ fi í sílẹ̀ kó tanná kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́.

Ìtanná rẹ̀ yẹ lóhun tí à ń dúró wò. Ewé òdòdó rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ márùn-ún, ó sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ènìyàn bá yí òdòdó kan síhìn-ín sọ́hùn-ún nínú oòrùn, yóò rí i pé àwọ̀ yẹ́lò rẹ̀ ń kọ mànà ní ọ̀nà tí òdòdó mìíràn nínú ọgbà kì í gbà kọ. Ní 2011, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Yunifásítì Cambridge ṣàlàyé ohun tó fà á nínú ìdílé buttercup: awọ òkè ewé òdòdó náà fẹ́lẹ́, ó sì tẹ́jú, afẹ́fẹ́ wà láàárín òun àti ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, nítorí náà ojú méjèèjì awọ yẹn ló ń dá ìmọ́lẹ̀ padà. Lábẹ́ rẹ̀, ìpele kan tó kún fún sítáàṣì tún ń dá ìyókù ìmọ́lẹ̀ náà padà gba inú àwọ̀ yẹ́lò yẹn kọjá. Bí ẹ bá rọra fa ewé òdòdó kan já, ẹ ó rí ìpẹ́ kékeré kan nídìí rẹ̀, tó bo ibi tí oje dídùn ti ń sun. Oje yẹn ni àwọn oyin kéékèèké àti eṣinṣin ń wá nígbà tí òdòdó mìíràn kò tíì pọ̀ níta.

Ẹni tó bá fẹ́ gbìn ín gbọ́dọ̀ gba kàlẹ́ńdà rẹ̀ bó ṣe wà. Ní Willamette, òjò máa ń rọ̀ láti ìgbà ìwọ́wé títí wọ ìgbà ìrúwé, ṣùgbọ́n oṣù keje àti oṣù kẹjọ máa ń gbẹ táútáú. Gẹ́gẹ́ bí òjò yìí ni buttercup ìbílẹ̀ ṣe ń ṣe ayé rẹ̀. Ewé rẹ̀ ń yọ nígbà tí òjò bá padà dé, ó ń dàgbà díẹ̀díẹ̀ nínú òtútù, ó ń tanná láàárín oṣù kẹta sí oṣù kẹfà, ó ń so, lẹ́yìn náà ni ewé rẹ̀ yóò gbẹ, tí kò ní sí ohunkóhun tó ṣẹ́ kù lókè ilẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò ní ó ti kú. Kò kú rárá. Gbòǹgbò rẹ̀ wà láàyè nísàlẹ̀, bí iṣu inú àká tí kò mu omi, tí kò sì yọ ewé, títí àkókò rẹ̀ fi tó. Ohun tó burú jù lọ tí ènìyàn lè ṣe lákòókò yìí ni kí àánú rẹ̀ ṣe é, kó wá máa bomi rin ín lójoojúmọ́. Ilẹ̀ tó gbóná, tó sì tún rin gbingbin, lè mú kí gbòǹgbò náà rà, omi yẹn kan náà sì ni repens ń wá kó tó gba gbogbo ibẹ̀. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo máa ń kì mọ́lẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìdí kọ̀ọ̀kan kí ewé tó gbẹ tán, kí ṣọ́bìrì má baà gba ibẹ̀ kọjá nígbà tí kò sí ohun tí ojú lè rí. (Fún ibi tí omi ti máa ń pẹ́ kó tó gbẹ, Ranunculus orthorhynchus ni kí ẹ gbìn, ọmọ ìbílẹ̀ lòun náà.)

Ilẹ̀ gbalasa tí oòrùn ń dé ni ó fẹ́ràn jù, tàbí abẹ́ igi óòkù Oregon, Quercus garryana, tí òjìji rẹ̀ kò dí jù. Àwọn Kalapuya, àwọn ọmọ ìbílẹ̀ tí wọ́n ni àfonífojì náà, ló jẹ́ kí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, nítorí wọ́n máa ń dáná sun pápá bí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn bá ń lọ sópin. Nígbà tí David Douglas, tó ń wá ewéko kiri, gba ibẹ̀ kọjá ní 1826, ilẹ̀ tó ti jóná ló ń rìn lórí rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àdéhùn ọdún 1855 pẹ̀lú ìjọba Amẹ́ríkà gba ilẹ̀ náà kúrò lọ́wọ́ àwọn Kalapuya, wọ́n kó wọn lọ sí Grand Ronde, ilẹ̀ tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún wọn, iná pápá dáwọ́ dúró, àwọn àgbẹ̀ tú èyí tó pọ̀ nínú ilẹ̀ náà, igbó sì bo púpọ̀ nínú ìyókù. Ohun tó kù nínú pápá ìbílẹ̀ náà lónìí kò tó 2%. N kì í lè rántí ìyẹn kí ọkàn mi má bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ìtàn náà ló sọ ohun tí buttercup ń fẹ́ fún mi: iná ló ń palẹ̀ koríko gbígbẹ mọ́, kí hóró lè kan erùpẹ̀ gan-an. Nínú ọgbà, réèkì ni yóò ṣe iṣẹ́ yẹn.

Hóró ni ọ̀nà tó dára jù lọ láti sọ ọ́ di púpọ̀. Lẹ́yìn tí ewé òdòdó bá ti rẹ̀ dànù, orí roboto kan yóò kù, tí àwọn hóró pẹlẹbẹ sù jọ sí, ṣóńṣó kékeré tó tẹ̀ kọdọrọ sì wà lórí hóró kọ̀ọ̀kan. Bí àwọ̀ wọn bá ṣì jẹ́ ti ewé tútù, wọn kò tíì gbó. Nígbà tí wọ́n bá ń di àwọ̀ ilẹ̀, tí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gbé orí náà, tí ìka sì kàn án fẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n já bọ́, ìgbà náà ni àkókò tó. Wọn kì í gbó lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà ẹ ó máa padà lọ wò wọ́n, ẹni tó bá sì dúró de ìgbà tí gbogbo rẹ̀ yóò gbó yóò bá igi lásán. Inú àpò ìwé ni mo máa ń kó wọn sí, n kì í lo ọ̀rá, kí wọ́n má baà bu.

Ní oṣù kẹwàá tàbí oṣù kọkànlá, ẹ fi réèkì wa koríko gbígbẹ kúrò, ẹ fọ́n hóró náà sórí erùpẹ̀ tó hàn síta, ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ẹ sì bu erùpẹ̀ díẹ̀ gan-an lé e lórí. Òjò àti òtútù yóò ṣe ìyókù. Ó ní láti wà nínú òtútù àti ọ̀rinrin fún ìgbà pípẹ́ kó tó lè hù, ìdí nìyẹn tí èyí tí wọ́n gbìn nígbà tí ilẹ̀ ti móoru fi sábà máa ń já ènìyàn kulẹ̀. Ẹni tí ìgbà ìwọ́wé bá ti kọjá mọ́ lọ́wọ́ lè pò ó mọ́ iyanrìn tó ní ọ̀rinrin díẹ̀, kó sì fi í sínú fìríìjì fún bí oṣù méjì sí mẹ́ta, ṣùgbọ́n ti ìta gbangba ni mo fọwọ́ sí. Bí òtútù bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, ewé méjì kéékèèké ni yóò kọ́kọ́ yọ, kí ewé tó ya sí mẹ́ta tó tẹ̀ lé e. Ìgbín tí kò ní ìkarahun fẹ́ràn wọn púpọ̀ ní ìgbà yẹn, ẹ sì gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ wọn ní alẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn kò ní tanná títí di ọdún kejì.

A lè pín ìdí rẹ̀ pẹ̀lú, nígbà tí ewé tuntun bá ń yọ ní ìgbà ìwọ́wé, ṣùgbọ́n èyí kì í mú ohun púpọ̀ wá. Ewéko tí ẹ̀mí rẹ̀ kì í gùn púpọ̀ ni, àwọn ọmọ tó hù láti inú hóró ló ń gba ipò rẹ̀.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ nídìí rẹ̀. Bí ewé tàbí igi rẹ̀ bá fọ́, èròjà tó ń jẹ́ ranunculin nínú rẹ̀ yóò yí padà di protoanemonin, tó ń jó awọ ara, tó sì lè dá egbò sí ẹnu ẹran tó bá jẹ ẹ́ ní tútù. Oró náà kì í sí mọ́ bó bá gbẹ. Àwọn Pomo, ọmọ ìbílẹ̀ kan ní California, máa ń yan hóró buttercup kí wọ́n tó lọ̀ ọ́ jẹ, àmọ́ n kò gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti dán an wò láìsí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Àwọn tó yẹ kó bá a gbé ni koríko tí kì í ga jù, irú bíi Festuca roemeri, àti camas, tí òdòdó aláwọ̀ búlúù rẹ̀ máa ń bá ti buttercup pàdé ní oṣù kẹrin. Ẹ má ṣe gé pápá náà kí hóró tó bọ́ sílẹ̀ tán; oṣù keje ti tó. Bí ẹ bá sì ń wá hóró àkọ́kọ́, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbin ewéko ìbílẹ̀ fún títà ni kí ẹ ti rà á, kí ẹ sì béèrè ibi tí wọ́n ti mú ìyá rẹ̀, nítorí èyí tó ti mọ́ ìwọ̀n òjò àdúgbò yín lára ni yóò bá yín pẹ́. Ẹ má ṣe hú èyí tó kù ní pápá.