Igbe Aago Mẹ́wàá Alẹ́ ní Flogsta

Ìdákẹ́rọ́rọ́ ìlú Uppsala ní orílẹ̀-èdè Swídìn pọ̀ débi pé ọmọ Ìbàdàn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀ á máa fura pé bóyá etí òun ló ti dí. Kò sí ẹni tó ń fọn fèrè mọ́tò, kò sí ẹni tó ń polówó búrẹ́dì, bí ẹnìkan bá sì ti jókòó sórí ọ̀kan nínú àga méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú bọ́ọ̀sì, ẹni tó wọlé lẹ́yìn rẹ̀ á kúkú dúró títí dé ibi tó ń lọ. Lọ́jọ́ tí mo dé láti pápákọ̀ òfuurufú Arlanda, mo kí gbogbo èrò inú bọ́ọ̀sì pé wọ́n kú ọ̀sán, gbogbo wọn sì yíjú sí fèrèsé.

Sáà ẹ̀kọ́ kan péré ni mo fẹ́ lò ní yunifásítì ìlú náà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1477, tí ó sì jẹ́ àgbà fún gbogbo yunifásítì ilẹ̀ Skandináfíà. Oṣù Kìíní ni sáà náà bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ ti máa ń ṣú kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Flogsta, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìhà ìwọ̀ oòrùn ìlú, ni wọ́n fún mi ní yàrá sí. Àwọn ilé gogoro tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1970 sí i ló kún ibẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní yàrá 12. Oníkálukú ló ní ilé ìwẹ̀ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ìdáná kan ṣoṣo ni gbogbo wọn jọ ń lò. Ìwé tí wọ́n fún mi pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ṣàlàyé ní kíkún bí a ṣe ń ya pàǹtírí sọ́tọ̀, bébà síbí, ìgò sọ́hùn-ún, àjẹkù oúnjẹ sínú àpò tirẹ̀. Kò sọ nǹkan kan nípa aago mẹ́wàá alẹ́.

Lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, mo ti fi ọṣẹ dúdú tí Màmá dì fún mi pa gbogbo ara, ọṣẹ sì ti bo ojú mi, nígbà tí igbe ta. Kì í ṣe igbe ẹnìkan. Láti ilé tó kọjú sí wa, láti òkè orí mi, láti ìsàlẹ̀, ọkùnrin ń ké, obìnrin ń han, ẹnìkan tilẹ̀ ń gbó. Níbi tí wọ́n ti bí mi, ohun mẹ́ta ló lè mú kí gbogbo àdúgbò pariwo lẹ́ẹ̀kan náà lóru: kí iná mànàmáná dé, kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, tàbí kí àjálù wọlé, ìbáà ṣe olè tàbí ilé tó ń jó. Mo wo gílóòbù òkè. Ó ń tàn, kò sì tíì kú láti ìgbà tí mo ti dé. Mo tẹ́tí sílẹ̀. N kò gbọ́ ìró bọ́ọ̀lù kankan. Ó wá ku ẹyọ kan.

Mo fa aṣọ àdìrẹ tí Màmá ní kí n máa fi bora, mo so ó mọ́dìí, mo ki ìwé ìrìnnà àti ìwé ìgbaniwọlé mi mọ́ abíyá, mo sì gba orí àtẹ̀gùn sáré sọ̀ kalẹ̀, nítorí a ti kọ́ mi pé ènìyàn kì í wọ ẹ̀rọ agbéniròkè nígbà tí ilé bá ń jó. Bí mo ṣe já síta ni ilẹ̀kùn ńlá náà pa ara rẹ̀ dé lẹ́yìn mi, tí ó sì tì gbágá. Kọ́kọ́rọ́ wà lórí tábìlì. Yìnyín mù mí dé ọrùn ẹsẹ̀, ọṣẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gan mọ́ mi lára.

Mo gbójú sókè, mo rí àwọn orí tó yọ lójú fèrèsé, mo sì figbe ta pé, "Ẹ gbà mí o! Ẹ gbà mí!" Gbogbo fèrèsé ló dá mi lóhùn. Bí mo bá ṣe ké tó ni àwọn náà ń ké tó, ẹnìkan sì pàtẹ́wọ́ fún mi, bóyá nítorí pé ohùn mi já gaara ju tiwọn lọ. Lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, tí fèrèsé ń pa dé lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ó wá ku èmi nìkan tí mo ṣì ń ké.

Ọmọbìnrin kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ bọ̀ ló bá mi níbẹ̀. Ó wo ọṣẹ, ó wo àdìrẹ, ó wo ìwé ìrìnnà, ó sì rọra béèrè pé, "Ṣé òní lo dé ni?" Ó fi kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún mi, ó sì ṣàlàyé pé ó ti pẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Flogsta ti máa ń yọrí síta ní aago mẹ́wàá alẹ́ láti fi igbe tú wàhálà ìwé kíkà dànù, àti pé kí n dúró di àkókò ìdánwò kí n tó sọ pé mo gbọ́ igbe. Àwọn tí a jọ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún mi ní kọfí àti búrẹ́dì dídùn kan tí wọ́n ká bí òṣùká. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni gbogbo wọn bá mi sọ̀rọ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ àlejò tó wọṣọ dáadáa máa ń retí fún oṣù gbọọrọ.

Ó wá ku Màmá. Nígbà òtútù, aago Swídìn àti ti Nàìjíríà bára mu, nítorí náà mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa pè mí ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, mo ní ìwé ni mo máa ń kà ní aago mẹ́wàá. Ètò yìí dúró dáadáa títí di ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹta, tí àwọn ará Yúróòpù ti aago wọn síwájú ní wákàtí kan, tí ẹnikẹ́ni kò sì fi tó Màmá létí ní Ìbàdàn. Ní aago mẹ́sàn-án géérégé tiwọn, fóònù wà lórí tábìlì, mo ti ṣí fèrèsé sílẹ̀ nítorí ẹ̀rọ tó ń mú yàrá gbóná, Màmá sì ń béèrè bóyá mo ti jẹun. Kí n tó dáhùn, Flogsta ti dáhùn.

"Jésù! Wọ́n ti wọlé bá ọmọ mi o!" Màmá kò gbọ́ ẹyọ kan nínú gbogbo àlàyé tí mo ń ṣe. Ohun tó kàn tí mo gbọ́ ni ìró ẹsẹ̀ àwọn ará ilé wa, ilẹ̀kùn tó dún gbì, àti ohùn Bàbá Láńlọ́ọ̀dù tí wọ́n ń pàṣẹ pé kí wọ́n gbé àdá wọn wá, tí wọ́n sì ń béèrè ọ̀nà ibi tí olè náà gbà. Màmá dá wọn lóhùn pé Swídìn ni.